PROJ méjì ń bá ara wọn jà, GDAL kọ̀ kò ṣiṣẹ́

Ayàmáàpù, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Máàpù oko kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè ni mo ń yà. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ́ GDAL, ohun èlò tó ń ka dátà máàpù, jáde (build) láti inú kóòdù rẹ̀ lórí Ubuntu 22.04. Láti àná ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo tan jẹnẹrétọ̀. Ohun tó kọ síwájú mi nìyí: "libproj.so.22 may conflict with libproj.so.25". Tí mo bá ṣí máàpù kan báyìí, ṣe ló ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí mi.

Ọmọ Ọ̀ṣemàwé:
PROJ ni ohun èlò tí GDAL fi ń ṣírò ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀. 22 ni ti PROJ 8 tó bá Ubuntu wá, 25 ni ti PROJ 9. Ẹ tẹ `ldd $(which gdalinfo) | grep proj`, á fi PROJ tí GDAL yín ń pè hàn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ayàmáàpù:
Ìlà méjì ni sà. Ọ̀kan wà ní /usr/local/lib. Èmi ni mo kọ́ ọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ ti yé mi. libgeotiff, tó ń bá GDAL ka àwòrán máàpù, tí ẹ fi apt (agbétòwọlé Ubuntu) gbé wọlé, PROJ 8 ló mọ̀. GDAL yín, PROJ 9 ló bá pàdé. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Ẹ kó PROJ 9 kúrò ní /usr/local, ẹ tẹ `sudo ldconfig` kí Ubuntu lè gbàgbé rẹ̀, ẹ fi apt gbé libproj-dev wọlé. PROJ 8 tó GDAL í lò. Àmọ́ kí ẹ tó tún GDAL kọ́, ẹ bá mi pa fódà build yẹn rẹ́ pátápátá! Èmi ò pa tèmi rẹ́ nígbà kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jìyà, CMakeCache.txt, fáìlì tó ń rántí ètò tí a fi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣì ń tọ́ka sí ojú ọ̀nà àtijọ́.

Ayàmáàpù:
Ó ti ṣiṣẹ́, mà! Ìlà kan ṣoṣo ni ldd mú jáde. Oko àkọ́kọ́ ti hàn, tòun ti odò tó là á kọjá. Ẹ ṣé gan-an ni.