Kí ló dé tí mílíìkì agolo kò fi dì di wàrà?

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ wàrà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Èkó, èyí tí mo ń rí rà kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo da mílíìkì olómi agolo mẹ́rin sínú ìkòkò, mo fi omi là á, mo gbé e kaná, mo sì sẹ́ oje ewé bomubómú sí i bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn ìyá Fúlàní ń ṣe é. Ó hó títí, kò dì; èérún funfun díẹ̀ ló kàn ń léfòó. Ṣé ewé náà ni kò tó ni, àbí mílíìkì ló ní àléébù? Èwo ni kí n lò nínú ti agolo, ti sáṣẹ́ẹ̀tì, ti páálí àti oníyẹ̀fun?

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ewé yín kò jẹ̀bi. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń fa nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 omi mílíìkì agolo kúrò, wọ́n á dé e pa, wọ́n á sì tún fi ooru líle sè é kí ó lè pẹ́ nílẹ̀ láìsí fíríìjì. Ooru yẹn ló yí purotéènì inú rẹ̀ padà, tó fi jẹ́ pé oje bomubómú kò lè mú un ṣù pọ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n sì sábà máa ń fi èròjà tí kì í jẹ́ kí mílíìkì pínyà sí i, bẹ́ẹ̀ pípínyà gan-an ni ẹ̀yin ń wá. Ti páálí tó lè wà lórí àtẹ fún oṣù mélòó kan náà ti rí iná jù.

Ní gáà tó wà nítòsí ilé wa ní Ìsẹ́yìn, mílíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún láàárọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gún ewé tàbí igi bomubómú, wọ́n á sẹ́ oje rẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá koná mọ́ ọn títí omi yóò fi yà kúrò lára èyí tó dì. Inú ajọ̀ kékeré ni wọ́n ń kó o sí kí ó ro. Ojú ajọ̀ náà ni ẹ ń rí lára wàrà lọ́jà.

Ìyá Oníyọ́gọ́ọ̀tì:
Ẹ má wo àwòrán màlúù ara sáṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò ga ni wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò nínú wọn, tí wọ́n sì fi òróró rọ́pò. Kì í ṣe májèlé, ó sì dára fún tíì, àmọ́ mi ò lè pè é ní mílíìkì tòótọ́. Oníyẹ̀fun tí ọ̀rá rẹ̀ pé ni mo fi ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì, ó sì ń dì fún mi, nítorí kíkan ló ń mú yọ́gọ́ọ̀tì dì, kì í ṣe oje ewé. Ẹni tí mílíìkì bá máa ń rú nínú sì sábà máa ń rí i pé yọ́gọ́ọ̀tì àti wàrà rọ òun lọ́rùn, torí pé ṣúgà inú mílíìkì tó ń dà wọ́n láàmú ti dín kù nínú méjèèjì.

Ará Kútọnu:
Lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin, wàgàsì là ń pe wàrà, bomubómú kan náà ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n tún máa ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa, èyí tí ojú mi fẹ́ràn ju funfun lọ.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí mo bá ra mílíìkì ní gáà láàárọ̀, ṣé kò ní bàjẹ́ kí n tó délé?

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ gbé kúlà oníyìnyín dání, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá kan lọ́nà, ẹ má fi ṣe wàrà mọ́.