Àbọ̀ ọ̀rọ̀ líǹkì: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo béèrè níjọ́sí bóyá kí n yọ gbogbo líǹkì tó lọ síta kúrò nínú ìwé ìtọ́sọ́nà sọ́fítíwíà wa. Màmá kan tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ ló tẹ èyí tó yẹ kó ṣàlàyé bí a ṣe ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, ló bá gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó ni àdírẹ́sì yẹn tẹ́lẹ̀ ti fi í sílẹ̀, ẹlòmíì ti gbà á.

Mi ò yọ gbogbo rẹ̀. Mo fi linkcheck, irinṣẹ́ tó ń yẹ líǹkì wò nínú Sphinx (sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà), yẹ̀ wọ́n wò: 9 nínú 41 ló ti kú, 404 (ìyẹn ni pé a ò rí ojú ìwé náà) ni wọ́n ń gbé wá. Àmọ́ ti oní-tẹ́tẹ́ yẹn, “ok” ló kọ síwájú rẹ̀, torí ojú ìwé náà ṣì ń ṣí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fojú ara yín wò ó pẹ̀lú.

Ohun tí oníbàárà ò lè ṣe iṣẹ́ láìmọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé tiwa. Àwọn líǹkì tó lọ sí RFC (àwọn ìwé ìlànà bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́) dúró, torí wọn kì í yí wọn padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Ìyókù, mo rí ẹ̀dà wọn nínú Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì.

Rìsíìtì àkọ́kọ́ màmá jáde láàárọ̀ yìí, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣeun gan-an ni.