"Ẹ̀dà" kò tó: lórí àtúnṣe ìwé àti ipò tí ìwé wà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí a óò fi sínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́: pé kí á fi "ẹ̀dà" pe "version", kí á fi ẹ̀dà náà pe "revision", kí á sì máa sọ "ẹ̀dà àkọ́kọ́", "ẹ̀dà tí a fọwọ́ sí" àti "ẹ̀dà àtijọ́". Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé yìí ni mò ń jẹ, mo sì mọ ibi tí yóò ti dá wàhálà sílẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Àgbárá, a fẹ́ da kọnkéré ìdí páǹpù omi. Pláànù tí bàbá fọ́máànì wa ká sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, Rev B (Rev ni ìgékúrú "revision", ìyẹn àtúnṣe) ló wà lára rẹ̀. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, Rev 1 ni. Láàrin àwọn méjèèjì, ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sún ní ìnṣì mẹ́ta. Ìgbà tí a gbé páǹpù dé, kò jókòó. Mo bi bàbá pé kí ló dé. Ó tú pláànù náà sórí ìtí igi, ó fi ìka tó kún fún símẹ́ǹtì tẹ lẹ́tà yẹn, ó ní, "Ọmọ mi, o ò mọ ABD ni? B ni kejì. Ti inú kọ̀ǹpútà yín, ìkíní ni. Ṣé ìkíní ló yẹ kí n fi kejì sílẹ̀ fún?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Àṣà tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ẹnjiníà ni pé nígbà tí pláànù bá ṣì wà lẹ́nu àríyànjiyàn, lẹ́tà ni wọn yóò máa fún un: A, B, C. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí á lọ fi kọ́lé ni yóò di nọ́ńbà: 0, 1, 2. Nítorí náà, 0 tuntun ju C lọ, Rev 1 sì tuntun ju Rev B lọ. Ohun méjì ni àmì kékeré yẹn ń rù pọ̀: ìgbà mélòó ni a ti tún ìwé yìí ṣe, àti pé ibo ló dé. Bàbá ka ọ̀kan, ọ̀kan sì ṣe é.

Ohun tí mo ń sọ kò ju ìyẹn lọ: kí á má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn "mélòó" kó tún dáhùn "ibo". Kí "àtúnṣe" jẹ́ ti mélòó, kí "ipò" jẹ́ ti ibo. Ẹni tó bá ń lo SharePoint, ètò Microsoft tí a fi ń tọ́jú ìwé, mọ ohun tí mo ń wí: 0.3 ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí a ṣì ń kọ, ìgbà tí wọ́n bá gbé e jáde ni yóò di 1.0, bí ẹnìkan bá sì tún fọwọ́ kàn án, ó di 1.1, iṣẹ́ ọwọ́ náà ló tún padà sí. Nọ́ńbà ga sí i, ipò rẹlẹ̀. Kí ni "ẹ̀dà tuntun" fẹ́ túmọ̀ sí níbẹ̀?

Ẹ̀dà gan-an ti níṣẹ́ tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kí o mú ẹ̀dà mẹ́ta wá, kò sẹ́ni tí yóò lọ tún fọ́ọ̀mù kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dọ̀ oní-fótókọ́pì ni gbogbo wa ń gbà lọ. A sì nílò ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan la ń kà: ọ̀kan wà ní sítọ́ọ̀, ọ̀kan wà ní sáìtì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ kọngilá. "Ẹ̀dà kẹta, àtúnṣe kejì" yé mi. "Ẹ̀dà kẹta, ẹ̀dà kejì" kò yé ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yà" tí àwọn mìíràn fẹ́ràn, ohun tó lè wà pa pọ̀ ni mo máa fi í pè, bí ìwé ìlànà kan náà tí wọ́n kọ ní Faransé fún àwọn ará Kútọnu tí wọ́n sì kọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún wa. Àtúnṣe kì í bá àtúnṣe gbélé; ìkejì ń lé ìkíní jáde ni. "Ìtẹ̀jáde" sì wà fún irú ISO 9001, ìlànà àgbáyé lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń bójú tó dídára iṣẹ́, tó jáde ní 1987, 1994, 2000, 2008 àti 2015.

(Ẹni tó ní kí á fi ABD tiwa ka àtúnṣe, inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ rò ó wò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìlànà kan, ASME Y14.35, tó yọ I, O, Q, S, X àti Z kúrò nínú lẹ́tà àtúnṣe kí ojú má baà ṣì wọ́n mú. Tiwa ń kọ́? Bí ẹ̀rọ fótókọ́pì bá jẹ àmì ìsàlẹ̀ tán, Ẹ ti di E nìyẹn, Ọ di O, Ṣ di S. Ilé mìíràn tún wó.)

Ó wá ku àwọn ipò. Fún èyí tí wọ́n ṣì ń kọ, "àbá" ni mo fara mọ́. Àwọn oníròyìn ti la ọ̀nà yẹn fún wa: àbádòfin kì í ṣe òfin títí gómìnà yóò fi buwọ́ lù ú, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Fọwọ́ sí" ni mi ò fara mọ́ fún "approved". Ọwọ́ mẹ́ta ló ń wà lára ìwé kan: ti ẹni tó kọ ọ́, ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ti ẹni tó ní àṣẹ. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i! "Ó ti gbàṣẹ" ni kí á sọ.

"Check out", ìyẹn kí ẹnìkan gba ìwé nínú ètò láti tún un ṣe, tí ẹ pè ní "yá" kò bá mi lára mu. Aṣọ la ń yá, iyọ̀ la ń wín. Ẹni tó gba ìwé tó sì tún un ṣe kò dá ohun tó gbà gan-an padà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi irú rẹ̀ rọ́pò. "Gbà sọ́wọ́" àti "dá padà" tó mi.

Ẹni tó ní kí á lo "wàjà" fún ìwé tí òmíràn ti gba ipò rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìwé bẹ́ẹ̀ kì í kú. A ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àmì lára, nítorí ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí a kàn pa tì tí kò ní àrólé. "Àpatì" bá ìyẹn mu wẹ́kú.

Fún èyí tí òmíràn ti gba ipò rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ kan: A TI FI ÒMÍRÀN RỌ́PÒ ÈYÍ. Mo lù ú mọ́ Rev B àtijọ́, mo gbé e lọ han bàbá fọ́máànì. Ó kà á, ó yí ìwé náà wò lẹ́yìn, ó ní, "Èwo wá ni òmíràn ọ̀hún?"

Mo ti ní kí wọ́n fi àyè nọ́ńbà sí i.