Ìdí ọgbà Thuja ń gbẹ: ṣé kí a gé e kan orúnkún ni?

Onílé Àkóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Igi Thuja ni mo gbìn ṣe ọgbà yí iwájú ilé ká, ó sì ti ga ju ènìyàn lọ báyìí. Òkè rẹ̀ tutù, ó sì fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n láti orúnkún wálẹ̀ ó ti pọ́n, ó sì ti ṣí sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú òdòdó ní kí òun fi àdá gé gbogbo rẹ̀ kan orúnkún, pé yóò hù padà bí yellow bush aládùúgbò mi ṣe hù. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń fi kédárì ṣe ọgbà, kọ̀ jálẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀, ìgbà wo ló sì yẹ kí n rẹ́ ẹ?

Bàbá Olódòdó:
Ti àbúrò yín ni kí ẹ gbọ́. Yellow bush lè yọ ọ̀mùnú lára igi gbígbó. Thuja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti kédárì Kánádà (ti Lẹ́bánónì inú Bíbélì ló yàtọ̀), ibi tí ewé tútù bá ṣì wà lára ẹ̀ka nìkan ni wọ́n sì ti ń rúwé. Bí ẹ bá gé e kọjá ewé wọ inú igi tó ti pọ́n, ìhòòhò ni ibẹ̀ yóò wà, kùkùté ni yóò sì kù sí yín lọ́wọ́.

Òjìji ló ń pa ìdí rẹ̀. Nígbà tí òkè bá fẹ̀ ju ìdí lọ, oòrùn kò ní dé ara ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ẹ̀ka náà yóò sì gbọn ewé dànù. Nítorí náà, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa dín sínú bó ṣe ń lọ sókè, bíi ti ebè: bí ìdí bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, kí orí wà ní nǹkan bíi 60. Ẹ lè rẹ orí sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ohun tí ẹ óò gé má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kàn máa rẹ́ ṣóńṣó ewé tuntun díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án, nítorí rírẹ́ yìí gan-an ló ń mú kí ẹ̀ka pín, kí ọgbà sì dí. Tó bá ti kọjá oṣù Kẹwàá, ẹ fi í sílẹ̀. Ọyẹ́ yóò jó ewé tí kò tíì gbó.

Aráa Jẹ́ríkò:
Òótọ́ ni, àmọ́ kí a tó di gbogbo ẹ̀bi ru òjìji, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdí igi wò bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Ewé pípọ́n tó wà nínú lọ́hùn-ún kì í ṣe àìsàn, ewé àtijọ́ ló ń rẹ̀ dànù. Ní ti àdá, ẹ gbé e tì: ó máa ń fa ẹ̀ka ya. Àlùmọ́gàjí ńlá tó mú ni kí ẹni tó ń bá yín tọ́jú òdòdó lò, kí ó sì fi sípíríìtì nù ún bó bá ti kan igi tó ń ṣàìsàn.

Onílé Àkóbọ̀:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ibi tí ewúrẹ́ ń gbà ńkọ́? Ṣé yóò dí padà?

Bàbá Olódòdó:
Ibi tí ewé ti tán pátápátá kò ní dí mọ́. Ẹ ta wáyà síbẹ̀, kí ẹ sì gbin igi òdòdó Ixora síwájú rẹ̀. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tó bá ṣì ní ewé díẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín tọ́jú òdòdó gé rárá.