Ògiri amọ̀ tí màmá àgbà gbé ọwọ́ mi lé ní Kúdẹtì

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Láti àná ni mo ti ń ka ìtàn yín nípa àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Kúdẹtì n'Ìbàdàn ni màmá tó bí ìyá mi dàgbà sí, St. David's sì ni ìjọ wọn. Bí a bá lọ kí wọn nígbà ìkórè, bí ìsìn bá ti parí, wọ́n á fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ládùúgbò náà. Wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ògiri. "Amọ̀ nìyí o, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù." Oòrùn á mú ganrínganrín níta, ṣùgbọ́n ògiri yẹn á tutù bí ara ìkòkò omi.

Ọdún 1853 ni míṣọ́nnárì David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó s'Ìbàdàn. 1854 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílùú ni ará Ìbàdàn ń pè é.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́ ló máa ń pọ̀ lẹ́nu màmá. Ọ̀rọ̀ Yéjídé àti Akínyẹlé ni. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì yìí lé Anna lọ́wọ́ kó kọ́ wọn níwèé, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń bẹ̀rù ilé òyìnbó. Màmá á na ìka méjì sókè: "Ẹni méjì péré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀!" Wọ́n á tún sọ ti ogun Ìjàyè, tí ọ̀nà dí, tí ebi dé, tí Anna àti ọkọ rẹ̀ ń ta ẹrù ilé jẹun. Nígbà tí tọkọtaya náà lọ ní 1869, Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá, ló di ìjọ mú. Ibi tó máa ń wú màmá lórí jù nìyẹn, èmi náà báyìí.

Màmá ti sùn. Lọ́dún tó kọjá mo mú ọmọ mi obìnrin lọ, mo gbé ọwọ́ tiẹ̀ náà lé ògiri. Ó ní, "Mọ́mì, ó tutù!" Omi bọ́ lójú mi.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ yín kàn mí lára. Ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá bàbá mi bá wọn po amọ̀ rẹ̀ lábúlé wa, wọ́n ti wó o kí wọ́n lè kọ́ èyí tó fẹ̀. Nígbà tí mo fi dé lọ́dún Kérésì, wọ́n ti ń la àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀ ṣe igi ìdáná. Ẹyọ kan péré ni mo rí gbà. Pálọ̀ mi ló wà, ojú ibi tí àbẹ́là jó lára rẹ̀ ò tíì pa rẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò bẹ́ǹṣì yẹn fún wa. Ẹ sì tètè bi àwọn àgbà abúlé yín léèrè, ta ló tún bá bàbá po amọ̀ yẹn?