Ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀ ní kílíníìkì: báwo la ṣe ń po bílíìṣì?

Ìbéèrè, láti Kubwa: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ni bílíìṣì ṣe gbọ́dọ̀ le tó fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀? Àpótí abẹ́rẹ́ wa náà ti kún dé ẹnu.

Ìdáhùn 1: 0.5% ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wo agbára bílíìṣì tí wọ́n kọ sára ìgò. Bó bá jẹ́ 3.5%, ife bílíìṣì 1 sí ife omi 6 ló máa di 0.5%. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, torí ẹ̀jẹ̀ ń pa agbára bílíìṣì. Ẹ wá da bílíìṣì tí ẹ pò sí ojú ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ máa po tuntun lójoojúmọ́.

Ìdáhùn 2: Àpótí yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ pa á dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kì í mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn 3: Bí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fún ojú ibẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà HIV kí wákàtí 72 tó kọjá.