"Dá" inú "adájọ́" kò yẹ ìgbìmọ̀ yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa tó wà n'Ìbàdàn ṣẹ̀dá lánàá, "Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Iṣẹ́ Ìkọ́lé", fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "Dispute Review Board", ìyẹn àwọn ẹni mẹ́ta tí ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe máa ń yàn kí iṣẹ́ títì tàbí afárá tó gbéra, nítorí aáwọ̀. Inú mi ò dùn sí i rárá. "Dá" yẹn ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá dá ẹjọ́ ti fi ẹnì kan sí àre, ó ti fi ẹnì kejì sí ẹ̀bi. Àwọn wọ̀nyí ò dá nǹkan kan. Wọ́n á máa lọ wo ojú iṣẹ́, wọ́n á gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n rí pé ó tọ́. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀ ọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tí wọn yóò jọ ṣe.

Ìtòkò l'Abẹ́òkúta níbí ni mo dàgbà sí, bíríkìlà sì ni bàbá mi. Wọ́n á ti dúnàádúrà tán, ìpìlẹ̀ á dé ẹsẹ̀ mẹ́ta, dígà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta lórí àpáta. Ta ni yóò san owó òkúta? Onílé á ní iye tí àwọn jọ sọ náà ni. Bàbá mi á ní ilẹ̀ ni wọ́n fi han òun, wọn ò fi òkúta han òun. Wọ́n á ránṣẹ́ sí bàbá arúgbó kan tó ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń na okùn. Á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ pa òkúta náà, á gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù kó tó lanu. Mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní adájọ́ rí. "Ẹ lọ pe bàbá kí wọ́n wá bá wa pẹ̀tù sí i" ni wọ́n ń wí.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ náà ló bí ti òyìnbó. Ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, wọ́n dá ihò àkọ́kọ́ ọ̀nà ọkọ̀ Eisenhower Tunnel lu inú òkè, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1973. Inú òkè ò rí bí wọ́n ṣe rò, owó sì fò sókè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìkejì lọ́dún 1975, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ìhà kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan, àwọn méjì náà mú ẹ̀kẹta. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá mọ "Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta" ò ní pè é ní àjèjì.

Ẹnì kan á ní ìgbìmọ̀ inú ìwé àdéhùn ọdún 1999 ti FIDIC, àjọ àwọn ẹnjiníà lágbàáyé, ńkọ́, tí ìpinnu rẹ̀ de tọ̀tún tòsì, tó sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ 84? Òótọ́ ni. Orúkọ tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Síbẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé ta kò ó.

"Aparíjà" tí ẹlòmíràn dábàá, bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ láìfàmì, apárí lojú máa kọ́kọ́ rí. Ìjà sì ti gbóná ká tó parí rẹ̀. Aáwọ̀ ṣì tutù, ibẹ̀ gan-an ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń wọlé.

"Ìgbìmọ̀ Apẹ̀tùsááwọ̀" ni tèmi, ohùn òkè méjì lórí "sáá", ẹ má yọ ọ̀kan. Ẹ ní ó gùn jù? Sílébù mẹ́fà ni, mo kà á. "Alámòójútó" náà mẹ́fà ni, ojoojúmọ́ la sì ń pè é.